Ohùn Gìtá àti Nọ́ńbà MIDI: Ọ̀rọ̀ Kan Kò Tó fún Nǹkan Mẹ́rin

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kí ó tó fún un ní orúkọ. Ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn gìtá di nọ́ńbà MIDI jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn, ni ó ń wá sí òun lẹ́nu fún nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

MIDI ni ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ohun-èlò orin fi ẹnu kò lé lórí ní 1983, kí àwọn ohun-èlò náà lè máa fi nọ́ńbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Okùn gìtá tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà 40 ni tirẹ̀.

Ọ̀nà inú ìwé ni pé kí ẹ̀rọ wá iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n, kí ó fi 440 pín in, kí ó sì wá lọ́gárídímù rẹ̀ kí ó tó dé orí nọ́ńbà. Iṣẹ́ yìí wúwo fún microcontroller, kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ, irú èyí tí ó wà lórí Arduino Uno R3. Ọ̀nà tí ó yá ni kí ó wọn àkókò tí ìgbọ̀n ẹyọ kan gbà. Bí aago inú rẹ̀ bá ń ka 2,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò ka nǹkan bí 24,270 kí okùn náà tó gbọ̀n tán lẹ́ẹ̀kan. Yóò wá wo iye yìí nínú àtẹ tí a ti ṣe sílẹ̀. Gìtá tí ó ní irin 24 lọ́rùn ní nọ́ńbà 49, láti 40 dé 88. Bí ẹ̀rọ bá ń pín àtẹ náà sí méjì, tí ó ń fi ìlàjì kan sílẹ̀, ìfiwéra 6 ti tó. Kò sí lọ́gárídímù níbẹ̀ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pe gbogbo rẹ̀ ní ohùn kò lè rí ìṣirò tí ẹ̀rọ fò kọjá.

Àwọn kan lè sọ pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti mọ́ Yorùbá lára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohùn òkè àgbà ọkùnrin lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, nítorí ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni etí fi ń mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà 40 kò wo ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó jẹ́ 40.

Nítorí náà, kí ohùn jẹ́ ti ohun tí etí gbọ́. Kí iye ìgbọ̀n jẹ́ ti iye ìgbà tí okùn gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí àsìkò ìgbọ̀n jẹ́ ti àkókò tí ìgbọ̀n kan gbà. Kí nọ́ńbà ohùn sì jẹ́ ti ohun tí MIDI ń fi ránṣẹ́. Nígbà náà, bí ẹ̀rọ bá kọ 52 dípò 40, olùkọ́ lè sọ àṣìṣe náà ní gbólóhùn kan: ìlàjì àsìkò ìgbọ̀n ni ó kà. MIDI lè dúró bí ó ti wà, nítorí orúkọ ìlànà ni. Àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ àyálò.