Ẹnu Bẹ́líìtì Ẹ̀yìn Mọ́tò Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò ilé yín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀. Ṣé ẹ rí i? Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí mò ń wọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó, bẹ́líìtì wà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó yẹ kó gbà á ti wọlẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, tàbí kí àwọn tó rán ìbòrí ìjókòó ti bò ó pa. Bí ẹ bá bèèrè, onímọ́tò á ní, "Ẹ̀yìn lẹ kúkú jókòó sí, iwájú nìkan ni wọ́n ń wò." Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn kọ́ lèyí, ọ̀rọ̀ físíìsì ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Mọ́tò tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá kọlu nǹkan, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lẹ́yìn ò ní dúró. Eré yẹn náà lá máa bá lọ. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 14 fi ń balẹ̀, ìyẹn bí òrùlé ilé alájà mẹ́rin. Ọwọ́ ìyá kankan ò lè di ọmọ mú níbẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn tí kò de bẹ́líìtì sì lè fò lu ẹni iwájú tó de tirẹ̀.

Ọdún 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden, gbé bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí jáde ní Volvo. Ilé-iṣẹ́ náà sì gba àwọn yòókù láàyè láti lò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n yẹn, sípíríǹgì kékeré kan ló gbé e ró. Tí irin pẹlẹbẹ orí bẹ́líìtì bá wọlé, irin kan nínú ẹnu náà á kọ́ ihò rẹ̀. Bọ́tìnì pupa ló ń tú u. Èèpo ẹ̀pà, èérún bisikíìtì, ohun mímu aládùn tó dà sí i, àní owó ẹyọ tó bá tòkunbọ̀ wá láti òkè òkun, lè má jẹ́ kó kọ́ dáadáa. Èyí tó wọlé tí kò dún "kọ́" ló burú jù, torí ẹ ó rò pé ẹ ti de é.

Bó bá wọlẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fà á jáde. Bí irin ò bá wọ̀ ọ́n, ẹ má fi tipá kì í: ẹnu tàárín sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́. Bó bá dọ̀tí, ẹ da ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì pupa, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Ẹ má da òróró tàbí ọ́ìlì sí i o, eruku lá máa lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kì í bọ̀ nígbà mẹ́wàá, kí ẹ fà á gidi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí ó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú tó bá mọ́tò náà mu. Kò sí wẹ́dà tàbí wáyà tó lè tún un ṣe.

Tí wọ́n bá sì rán ìbòrí tuntun, ẹ má sanwó títí gbogbo bẹ́líìtì ẹ̀yìn yóò fi dún. A ń rówó ra sípíkà ńlá, ká má wá sọ pé kò sówó fún èyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ sábà máa ń jókòó sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn àbúrò yín tí wọn ò lè bèèrè fúnra wọn. Ẹ bá wọn bèèrè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.