Ẹ yé da dáì lé dáì, ẹ sanwó onídìrí

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ dáì ni. Ẹ ra dáì, ẹ pò ó nílé, irun pupa bí epo, ẹ wá gbé e lọ bá onídìrí, ẹ tún ń ná an bíi pé tòmátì lẹ fẹ́ rà. Kò dáa rárá.

2/ Àbẹ̀rẹ̀ ni mo wà, níbi tí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi ni mo máa ń jókòó sí kọ̀wé. Tí owó oṣù bá ti wọlé, wọ́n á dé: ọ̀kan fẹ́ góòlù, orí di àwọ̀ ọsàn. Òmíì fẹ́ wáìnì, iwájú gbà á, ẹ̀yìn kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àǹtí, ẹ kàn bá mi fi dúdú bò ó."

3/ "Ẹ kàn" yẹn ló ń bí mi nínú. Irun dúdú tí ẹ bá fi bílíìṣì ṣí, pupa ló kọ́kọ́ ń dà, lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn, kó tó di yẹ́lò. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì, àwọ̀ ọsàn ló máa bá pàdé. Ayé kọ́ ló ṣe yín.

4/ Àti pé dáì kì í ṣí dáì. Olómi méjì tí ẹ ń pò yẹn, inú irun ni wọ́n ti ń so pọ̀, wọ́n á tóbi débi pé wọn ò lè jáde mọ́. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo o! Ta ló rí aláró tó rẹ aṣọ dúdú padà sínú ìkòkò elú kó lè funfun? Bó ṣe ń wọ aró sí i ló ń dúdú sí i.

5/ Ibi tó ti léwu ni rítọ́ọ̀ṣì. Ìpara tó ń mú irun nà ń já ìdè inú irun. Bílíìṣì náà ń já ìdè kan náà. Ẹ ṣe rítọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ẹ da bílíìṣì lé e ní Sọ́ńdè, irun á máa bá kóòmù jáde. Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Peroxide tí wọ́n kọ 20 sí lára jẹ́ 6%, èyí tí wọ́n kọ 40 sí jẹ́ 12%. Ta nínú yín ló wo ara ìgò kó tó dà á sórí?

6/ Dáì dúdú tí ẹ ń sá lọ bá náà ní ewu tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní PPD. Ara ẹlòmíì ò gbà á: orí á máa yún, ìpéǹpéjú á wú. Làálì gidi kì í dúdú, pupa rúsúrúsú ló ń fi sílẹ̀. "Làálì dúdú" tó ń mú kíákíá yẹn, wọ́n sábà máa ń po PPD mọ́ ọn ni. Onídìrí tó mọṣẹ́ á tọ́ díẹ̀ sí yín lẹ́yìn etí, á ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 48. Ẹ̀yin á ní ó ń fi àkókò yín ṣòfò.

7/ Ṣé ẹ mọ ohun tí owó yẹn wà fún? Á bi yín ní gbogbo ohun tó ti kan irun yẹn. Á gé tín-ín-rín lẹ́yìn orí, á dán an wò ná. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, á wá èyí tó ní búlúù nínú láti pa á. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, àwọ̀ àlùkò. Ó lè pín in sí ìjókòó méjì mẹ́ta kí irun lè sinmi. Gbogbo ọdún tó fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba fíríìdọ̀mù, inú owó yẹn ló wà.

8/ "Kò sówó." Mo gbọ́, ìlú le. Ìdí nìyẹn gan-an tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ ra dáì kejì àti ìkẹta. Ẹ wé gèlè, ẹ dé wíìgì títí owó á fi wọlé. Irun tí ò wuyì ṣì jẹ́ irun. Èyí tó já ti lọ.

9/ Ẹ̀yin onídìrí, mi ò ní gbè yín o. Àwọn kan wà nínú yín tí ẹnu wọn ò gba "mi ò mọ̀ ọ́n ṣe". Wọ́n á gbowó, wọ́n á da 40 lé awọ orí tó ti bó. Ẹ kọ̀ ọ́! Orí tó ń ṣomi, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Kí ẹ sì dá iye owó kí ẹ tó fọwọ́ kan irun.

10/ Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò orí ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀. Ìtìjú yín ló ń mú un da dúdú lé e lóru kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ojú á fi wú kó tó dé ibi iṣẹ́.

11/ Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ló máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó aṣọ. Ẹ má sọ onídìrí yín di òṣómàáló.

12/ Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, dáì kejì kọ́ sì ni oògùn dáì àkọ́kọ́. Ẹ mú páálí dáì yẹn dání, ẹ sọ òótọ́ ohun tí ẹ ti fi sórí, ẹ jẹ́ kó dán an wò, ẹ sanwó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó bọ́ síbí ká jọ sọ ọ́.