Ẹ Yéé Bi Òǹkọ̀wé Pé «Báwo Ló Ṣe Rí Lára Yín?»

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìjà ni mo bá wá lónìí, àwa tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ wá òǹkọ̀wé lẹ́nu wò ni mo sì fẹ́ bá jà. Ẹ mú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò èyíkéyìí tí wọ́n ṣe fún ọmọ Áfíríkà tó ń kọ ìtàn abàmì, ìtàn ẹlẹ́rù tàbí ìtàn sáyẹ́ǹsì. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá a pàdé: báwo ló ṣe rí lára yín láti jẹ́ ọmọ Áfíríkà tó ń kọ irú nǹkan báyìí?

Èébú ni. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé àlejò ni wá nínú iṣẹ́ náà. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ní Yorùbá pọ́ńbélé. Ọdún 1952 ni The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ta wá ni àlejò? Àwa náà kò tilẹ̀ ṣe Tutuola dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé wa gbájú mọ́. Ọkùnrin arẹwà kan wà nínú ìwé yẹn tó yá ẹ̀yà ara lò, tó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku agbárí lásán. Kí ni Tutuola fi kún ìtàn tí àwọn ìyá àgbà ti ń pa kó tó dé? Ìyẹn ni ìbéèrè.

Ẹ wo Tade Thompson. Rosewater gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019: ìlú kan ní Nàìjíríà, ní ọdún 2066, tí àwọn èèyàn tẹ̀ dó yí ohun abàmì kan tó ti òde ayé wá ká. Kaaro ni orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí orúkọ yẹn tí kò ní fẹ́ mọ̀ bóyá «káàárọ̀» ni? Dókítà ọpọlọ sì ni Thompson fúnra rẹ̀, ẹni tó ń wọ inú ọkàn ẹlòmíràn ló sì fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Ọ̀rọ̀ wákàtí méjì wà níbẹ̀!

Tomi Adeyemi ńkọ́? Salvador ní Brazil ló ti pàdé àwọn òrìṣà tó fi kọ Children of Blood and Bone (2018). Nínú ìwé yẹn, ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọfọ̀ ni Yorùbá máa ń jáde. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé èdè ọfọ̀ nìkan la jẹ́ ni? Wọn ò fi Yorùbá ná ọjà ní ilẹ̀ yẹn?

Wọ́n á ní òǹkàwé tuntun ló nílò àlàyé. Ó dáa, ẹ kọ ìlà méjì sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé «báwo ló ṣe rí lára» ni ìbéèrè ẹni tí kò ka ìwé. Nínú ìwé Fágúnwà, Àkàrà-ògùn ní kí wọ́n mú gègé àti ìwé wá, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sì jókòó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, èrò ti ń bọ̀.

Fágúnwà kú ní 1963, Tutuola ní 1997. Àwọn wọ̀nyí ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ ka ìwé wọn, kí ẹ sì lọ bá wọn, ní Yorùbá bí wọ́n bá gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè ti Kaaro yẹn.