Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Yìí Sílé?

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí,

Gbogbo olùdíje tó ti tọ̀ wá wá fún ìdìbò yìí ló bá wa sọ̀rọ̀ ọjà, gọ́tà, iná mànàmáná àti ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnì kankan nínú wọn kò dáhùn, nítorí pé àwa náà kò bi wọ́n: níbo ni àwọn ọmọ wa tí ọpọlọ wọn kò bá ọjọ́ orí wọn dàgbà yóò máa gbé nígbà tí òbí wọn kò bá sí mọ́?

Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Ara ọmọ náà le, òun ló sì ń pọnmi fún ìdajì agbo ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò ju mẹ́wàá lọ, ó sì máa ń ké lóru bí ẹ̀rù bá bà á. Láàárín ọdún márùn-ún, onílé mẹ́ta ló ti ní kí wọ́n kó jáde. Ìyá náà sọ fún mi pé kì í ṣe ikú ni òun ń bẹ̀rù bí kò ṣe alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò sùn lẹ́yìn ikú òun.

Ọmọ yìí kì í ṣe wèrè. Àwọn tí a ń fi àìmọ̀ pè ní dìndìnrìn ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè kọ́ iṣẹ́, wọ́n lè mọ aládùúgbò, wọ́n sì lè bá ènìyàn gbé, bí ẹni tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà bá wà nítòsí.

Òwe wa ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà: ẹ̀yìn tó ń pọ̀n ọ́n yẹn ń darúgbó. Àwọn àgbà kan náà ló sì wí pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àwọn kan yóò ní kí a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Ìyá àgbà tí a fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ńkọ́? Òun náà ń wá ẹni tí yóò tọ́jú òun.

Kì í ṣe àánú ni a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ olùdíje. Àtòjọ Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 fi í sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti dá ibi ìsìnkú àti ilé àwọn aláìní àti aláìlera sílẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Ìlà kan náà ni òfin kọ méjèèjì sí. Ọ̀nà ibi ìsìnkú kò ṣàjèjì sí wa. Kí olùdíje wá fi ọ̀nà ilé hàn wá. Bí ó bá ní owó ni kò sí, ẹ rán an létí pé ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí owó rẹ̀ máa bọ́ sí tààrà.

Òfin oṣù kìíní ọdún 2019 sì ti ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó bá ṣe é lè san ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, tàbí kí ó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Kí àwa onílé fetí sí ìyẹn pẹ̀lú.

Irú ilé wo ni kí a wá béèrè? Kì í ṣe ilé ńlá kan lẹ́yìn ìlú, tí a ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a ó sì gbàgbé. Àwa ará Sábọ̀n Gàrí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ èyí. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kánò ní ọdún 1911, àwọn amúnisìn pààlà fún àwọn baba wa níta odi ìlú, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí àjèjì máa gbé. A mọ ohun tí ó jẹ́ láti ní ibùgbé kí a má sì ní ìbátan ní ìlú. Ẹ má jẹ́ kí a pààlà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa.

Àpẹẹrẹ rere wà nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, Abẹ́òkúta. Ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn ń bá wọn gbé, àwọn ará abúlé sì ń gba owó ilé. Àìsàn tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yàtọ̀: bí a bá fi owó ti aládùúgbò lẹ́yìn, yóò gba àlejò.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìka tẹ ìwé ìdìbò, ẹ bi àwọn tó ń du ipò alága àti káńsẹ́lọ̀ ní Fagge ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ ó fi owó yàrá ìsàlẹ̀ díẹ̀ sínú ètò ìṣúná ọdọọdún fún Wọ́ọ̀dù Sábọ̀n Gàrí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, láàárín agbo ilé wa gan-an? Ṣé ẹ ó san owó oṣù fún olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́, tí yóò máa yípo àwọn yàrá náà? Ṣé ọmọ Yorùbá, Ígbò àti Haúsá ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ láìsí ojúsàájú, ní iye tí ìyá oníṣòwò kékeré lè san?

Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dáhùn síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò, ìwé yẹn ni kí a fi bá ẹni tó bá wọlé sọ̀rọ̀. Ìyá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kò ní lè dúró de ìdìbò mìíràn lẹ́yìn èyí.