Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gbé Ilé Yín Gun Òkè

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, tí bàbá wọn sì ní kí ẹ háyà ọkọ̀ tí ó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú lọ sí Lake District, ẹ bá a lọ. Ibẹ̀ ni Scafell Pike wà, òkè tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 978, àti Windermere, adágún tí ó gùn jù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi máàpù nìkan yan ọ̀nà. Láti Ambleside sí Eskdale, ọ̀nà Wrynose àti Hardknott ni yóò dà bí èyí tí ó yá. Ẹ sá fún un! Ní Hardknott, ibì kan wà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ẹsẹ̀ 1 sókè nínú ẹsẹ̀ 3 tí ó bá rìn. Ọ̀nà náà sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kan ní láti dúró kí èkejì tó kọjá. Bàbá yóò ní òun mọ ọkọ̀ wà. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́, kí ó gba ìhà gúúsù yípo.

Ẹ sanwó ibi tí ẹ ó sùn sílẹ̀. A kì í sùn sí etí adágún láìgba àṣẹ onílẹ̀. Bí òtútù bá mú lóru, ẹ má tan sítóòfù yá: afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn lè ti inú rẹ̀ jáde, a sì máa pa ènìyàn lójú oorun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kó dání, kí ó pọ̀.