Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ka Fáìlì Mólékù Fúnra Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ló yẹ kí á fi wo bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ti há AA, AS àti SS sórí. Mélòó nínú wọn ló ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà?

Ohun náà ṣeé rí. Ní ọdún 1971 ni wọ́n dá Protein Data Bank sílẹ̀ ní Brookhaven, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú mólékù 7 péré. Lónìí, ohun tó wà níbẹ̀ ti lé ní 200,000, ọ̀fẹ́ sì ni. Hemoglobin tí kò lábùkù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì 4HHB. Ti fòníkú-fọ̀ladìde ń jẹ́ 2HBS. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló wà nínú fáìlì wọn, kì í ṣe àwòrán. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ATOM ń sọ orúkọ átọ́ọ̀mù kan, ẹ̀wọ̀n tí ó wà, àti nọ́ńbà mẹ́ta tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ó dúró sí.

Irinṣẹ́ tí ó yẹ láti fi kà á ni ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Jupyter. Nínú rẹ̀, àlàyé, àṣẹ tí a pa fún kọ̀ǹpútà àti èsì rẹ̀ jọ wà lójú ewé kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pàṣẹ pé kí ó mú ipò kẹfà nínú ẹ̀wọ̀n B wá: GLU ni yóò bá nínú 4HHB, VAL ni yóò bá nínú 2HBS. Ásíìdì ámínò 146 ló wà nínú ẹ̀wọ̀n náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà. GLU fẹ́ràn omi, VAL ń sá fún un. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò, VAL yìí a há sínú kòtò kékeré lára hemoglobin mìíràn, wọn a so pọ̀ di okùn gígùn, sẹ́ẹ̀lì pupa a sì tẹ̀ bí dòjé. Ìyípadà tí Vernon Ingram fi hàn aráyé ní 1957 nìyẹn.

Èrò mi ni pé èdè Yorùbá ni ó yẹ kí á fi kọ àlàyé inú ìwé yìí. Kí àṣẹ kọ̀ǹpútà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kò séwu. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó rí, ó ti yé e nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní iná kò dúró, dátà sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fáìlì 4HHB kò tó mẹ́gábáìtì kan, Jupyter sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó fún kíláàsì láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún ni pé èèyàn lè pa àṣẹ ìsàlẹ̀ ṣáájú ti òkè, kí èsì irọ́ sì jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó fún ọmọ ní máàkì, ẹ ní kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó ka àlàyé rẹ̀ sókè.