Àyẹ̀wò Ọlẹ̀: Kí Ni A Ń Fi Owó Wa Rà?

Àwa tí a ń gbé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ mọ bí ojú ṣe ń pọ́n obìnrin tí oyún rẹ̀ ń bàjẹ́ léraléra. Àwọn kan a ní àbíkú ni, àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Lónìí, bí tọkọtaya bá lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó lè bá wọn so ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ nínú ilé àyẹ̀wò, ìbéèrè tuntun lè pàdé wọn níbẹ̀: ṣé kí a yẹ kromosómù ọlẹ̀ wò kí a tó gbé e sínú ilé ọmọ? Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń rà.

Kromosómù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ru ogún ìdílé. Ti ènìyàn jẹ́ 46: 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí ọ̀kan bá lé tàbí tí ó bá dín, ọ̀pọ̀ irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró, tàbí kí oyún náà tètè bàjẹ́. Bí obìnrin ṣe ń dàgbà, pàápàá lẹ́yìn ọdún 35, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe yìí ń pọ̀ nínú ẹyin. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe èpè.

Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, wọn a yọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ní ìta ọlẹ̀, níbi tí yóò di ibi ọmọ, wọn a sì fi ọlẹ̀ náà pamọ́ sínú òtútù títí èsì yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ kọ́ ni ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó pé àti èyí tí kò pé lè jọ wà nínú ọlẹ̀ kan. Ní 2015, àwọn dókítà ní Ítálì ròyìn pé irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọmọ tí ara rẹ̀ le koko.

Àyẹ̀wò yìí kì í wo ọlẹ̀ sàn. Ṣíṣà ni ó ń ṣà á. Nínú ìwádìí kan ní Ṣáínà, tí a tẹ̀ jáde ní 2021, lórí 1212 obìnrin tí wọn kò ju ọdún 37 lọ, 77.2% nínú àwọn tí a ṣe é fún ni ó bímọ, 81.8% sì ni ti àwọn tí a kò ṣe é fún. Ní Faransé, òfin kò tíì fàyè gbà á gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú gbogbogbòò.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde nínú ọlẹ̀. Àbùdá kan ṣoṣo ni ìyẹn ń wá. Ó wúlò gidi fún tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ru àbùdá àrùn náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà pé: ọlẹ̀ mélòó ni a ní? Kí ni ẹ ó ṣe bí èsì bá dàpọ̀? Kí ni ọjọ́ orí wa sọ? Kí ọkọ sì bá ìyàwó lọ gbọ́ ìdáhùn, nítorí ọmọ tí àwọn méjèèjì ń wá kì í ṣe ẹrù ẹnìkan.